Wíwo NBA láti ilé: aago, ìkànnì, dátà àti iná tí kò ní já yín kulẹ̀ lóru

Ẹni tó bá jí lóru láti wo eré NBA, ìyẹn ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ (basketball) Amẹ́ríkà, tó wá bá nǹkan mìíràn lórí ìkànnì, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe pé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ bàjẹ́, owó dẹkódà rẹ̀ kò sì tíì tán. Ọjọ́ ló ṣì mú. Wọ́n kọ ọ́ pé eré wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì gbé áláàmù sí òru tó mọ́jú Ìṣẹ́gun, nígbà tó jẹ́ pé òru tó mọ́jú Ọjọ́rú ni eré náà bọ́ sí lọ́dọ̀ wa. Ìdí nìyí tí a fi máa ti orí aago bẹ̀rẹ̀ kí a tó dé orí díìṣì àti dátà. Ẹni tó bá mọ aago yìí kà dáadáa ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ.

Bí a ṣe ń ṣí aago New York sí tiwa

Aago ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ìyẹn aago New York, ni NBA fi ń kọ ètò eré rẹ̀. Lẹ́tà ET ni ẹ ó rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aago Nàìjíríà kì í yí padà láti Jánúárì dé Dìsẹ́ńbà, ṣùgbọ́n àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń sún tiwọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta, àti ní ọjọ́ Àìkú kìíní oṣù Kọkànlá. Sáà NBA sì bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹwàá, ó parí nínú oṣù Kẹfà, nítorí náà ìyípadà méjèèjì ló ń bọ́ sí àárín sáà.

Láti ọjọ́ Àìkú kìíní oṣù Kọkànlá títí di ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta, wákàtí 6 ni a fi ṣíwájú New York. Ní àkókò yòókù, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ sáà nínú oṣù Kẹwàá àti gbogbo eré láti àárín oṣù Kẹta títí dé àṣekágbá, wákàtí 5 ni.

Ọ̀nà tí ẹ ó gbà ṣe é nìyí:

1. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ET ni àkókò tí wọ́n kọ, tàbí fóònù yín ti yí i sí aago Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ áàpù ló ń yí i. Ẹni tó bá tún fi wákàtí 6 kún àkókò tí fóònù ti yí tẹ́lẹ̀ yóò jí nígbà tí eré ti parí.
2. Tó bá jẹ́ ET, ẹ fi 6 tàbí 5 kún un gẹ́gẹ́ bí oṣù ṣe rí.
3. Tí àròpọ̀ bá ti dé aago 12 òru tàbí tó kọjá rẹ̀, ẹ sún ọjọ́ síwájú kan.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ. Eré tí wọ́n kọ sí aago 7:30 alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nínú oṣù Kìíní: ẹ fi 6 kún un, ó di aago 1:30 òru tó mọ́jú Ọjọ́rú. Tó bá jẹ́ inú oṣù Kẹrin ni, aago 12:30 òru ni. Eré tó wà ní Los Angeles sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 10:00 tàbí 10:30 ET, ìyẹn aago 4:00 tàbí 4:30 ìdájí lọ́dọ̀ wa nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́. Ẹni tó ní iṣẹ́ láàárọ̀, ìdá méjì àkọ́kọ́ nínú ìdá mẹ́rin tí eré ní nìkan ni yóò rí kó tó múra.

Nígbà mìíràn, aago ìlú tí wọ́n ti ń gbá eré ni wọ́n kọ. Nígbà náà, láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, ẹ fi 6 kún aago Boston àti New York, 7 kún ti Houston, Chicago àti Milwaukee, 8 kún ti Denver, 9 kún ti Los Angeles àti Portland. Lẹ́yìn àárín oṣù Kẹta, ẹ yọ wákàtí kọ̀ọ̀kan kúrò nínú gbogbo rẹ̀. Phoenix nìkan ló yàtọ̀: ìpínlẹ̀ Arizona kì í sún aago, nítorí náà 8 ni láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin.

Aago Kútọnu àti ti Èkó dọ́gba. Lomé fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí wa, nítorí náà àwọn èèyàn wa ní Tógò yóò fi 5 tàbí 4 kún ET. Àwọn tó wà ní London ń fi 5 kún un, àyàfi ní ìgbà méjì tí Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì kò sún aago pọ̀: ọ̀sẹ̀ kan láàárín òpin oṣù Kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, àti ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta nínú oṣù Kẹta. Ní ìgbà méjèèjì yìí, 4 ni wọn yóò fi kún un.

Ohun kan tún wà. Àkókò tí wọ́n kọ kì í ṣe àkókò tí bọ́ọ̀lù ń gòkè. Lórí ìkànnì ńlá, nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n máa ń fi sọ̀rọ̀, tí wọ́n fi ń pe orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù, kí rẹfirí tó ju bọ́ọ̀lù sókè. Ẹ lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn sùn sí i, tàbí kí ẹ fi tan ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi wò ó bóyá àwòrán dúró.

Àwọn eré tí kò ní gba oorun lójú yín

Kì í ṣe gbogbo eré ló ń bọ́ sí òru, ẹni tó bá mọ ibi tí yóò wò yóò rí púpọ̀ wò láìdá oorun dúró. Eré ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni olórí wọn. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago 1:00 ọ̀sán ET di aago 7:00 alẹ́ lọ́dọ̀ wa nígbà ọyẹ́. Èyí tó bá jẹ́ aago 3:30 di 9:30 alẹ́. Ọjọ́ Kérésìmesì dára jù lọ nínú ọdún: eré márùn-ún ni wọ́n ń tò léra, ní ọdún àìpẹ́ yìí wọ́n sì máa ń wà ní aago 12:00, 2:30, 5:00, 8:00 àti 10:30 ET. Ìyẹn túmọ̀ sí aago 6:00 ìrọ̀lẹ́, 8:30 alẹ́, 11:00 alẹ́, 2:00 òru àti 4:30 ìdájí. Méjì àkọ́kọ́, gbogbo ilé lè jókòó wò ó lẹ́yìn oúnjẹ ọdún. Ọjọ́ Ajé kẹta oṣù Kìíní, tí Amẹ́ríkà fi ń rántí Martin Luther King, tún máa ń ní eré ọ̀sán.

Nígbà tí ìdíje àṣekágbá bá bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹrin, ẹ ṣọ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Àìkú àkọ́kọ́. Ní Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ ti 2025, aago 1:00, 3:30, 6:00 àti 8:30 ET ni wọ́n tò ó sí, tó jẹ́ aago 6:00 ìrọ̀lẹ́, 8:30 alẹ́, 11:00 alẹ́ àti 1:30 òru lọ́dọ̀ wa. Àwọn eré Finals fúnra wọn, níbi tí ẹgbẹ́ méjì tó kù ti ń du ife, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 8:30 ET, aago 1:30 òru. Kò sí ọ̀nà àbáyọ kúrò níbẹ̀. Ẹ sùn ní aago 8:00 alẹ́, ẹ jí ní 1:15. Èyí sàn ju kí ẹ máa tòògbé lórí àga láti aago 11.

WNBA ti àwọn obìnrin ń wáyé láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹwàá, nítorí náà wákàtí 5 ni ní gbogbo ìgbà. Eré aago 7:00 alẹ́ ET bọ́ sí aago 12:00 òru géérégé. BAL, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní Kigali ní 2021, tilẹ̀ ń wáyé ní ọ̀sán àti alẹ́ tiwa.

Ìdí tó fi jẹ́ òru

Ó yẹ kí òǹwòran mọ ìdí rẹ̀, nítorí ìdí náà ló máa jẹ́ kó lè fọkàn sọ ìgbà tí eré ńlá yóò bọ́ sí kí ètò tó jáde. Nígbà tí àwọn ará New York bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí wọ́n jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ni ìpolówó ọjà ń pa owó jù. Ní oṣù Keje 2024, NBA kéde àdéhùn ọdún 11 pẹ̀lú Disney tó ni ABC àti ESPN, pẹ̀lú NBC, àti pẹ̀lú Amazon. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ ní sáà 2025–26, ìròyìn sì gbé e pé ó tó bílíọ̀nù 76 dọ́là. Ẹni tó san irú owó bẹ́ẹ̀ ló ń yan aago. ABC ló ṣì ni Finals.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí látìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún 1980, Magic Johnson, ọmọ ogún ọdún, ju àmì 42 wọlé, ó sì gba ife fún Lakers ní Philadelphia. CBS kò fi eré náà hàn lójú ẹsẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà. Wọ́n ká a sílẹ̀, wọ́n wá fi í hàn ní aago 11:30 alẹ́. Kódà ní 1994, nígbà tí Hakeem Ọlájuwọ́n, ọmọ Èkó, ń bá New York Knicks jà fún ife, NBC sún eré karùn-ún sínú àpótí kékeré kan ní igun ojú tẹlifíṣọ̀n, nítorí pé àwọn ọlọ́pàá ń lé ọkọ̀ O.J. Simpson, gbajúmọ̀ tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn, kiri ní Los Angeles ní alẹ́ ọjọ́ náà. Houston Rockets, ẹgbẹ́ Hakeem, pàdánù eré yẹn, ṣùgbọ́n àwọn ló gba ife náà lẹ́yìn eré méje.

Bí wọ́n bá sọ iye òǹwòran fún yín

Ẹ ó máa rí nọ́ńbà lórí fóònù pé mílíọ̀nù báyìí ló wo eré kan. Kí ẹ tó gbà á, ohun mẹ́ta ni kí ẹ bèèrè.

Èkíní, ṣé ìpíndọ́gba ni, àbí ibi tó ga jù? Nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ Nielsen ń gbé jáde ní Amẹ́ríkà jẹ́ ìpíndọ́gba iye ẹni tó ń wò ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tó ga jù máa ń wà ní ìparí eré, ó sì máa ń ju ìpíndọ́gba lọ dáadáa. Àwọn ìkànnì fẹ́ràn láti polówó èyí tó ga. Eré kẹfà Finals 1998, tí Michael Jordan fi kádìí rẹ̀ pẹ̀lú Chicago Bulls, ní ìpíndọ́gba mílíọ̀nù 35.9 lórí NBC, eré NBA kankan kò sì tíì kọjá rẹ̀.

Èkejì, ṣé rating ni àbí share? Ká ní ilé 100 ló ní tẹlifíṣọ̀n, 60 ló tan tiwọn, 12 ló sì ń wo eré. Rating jẹ́ 12, nítorí pé inú gbogbo ilé 100 ni a ti kà á. Share jẹ́ 20, nítorí pé inú 60 tó tan ẹ̀rọ ni a ti kà á. Ẹni tó bá fi share ọdún kan wé rating ọdún mìíràn ń fi ìbẹ́pẹ wé àgbọn.

Ẹ̀kẹta, báwo ni wọ́n ṣe kà á ní ọdún náà? Láti 2020 ni Nielsen ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó ń wò ní ilé ọtí àti ní ilé ẹlòmíràn mọ́ nọ́ńbà gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n fẹ̀ ẹ́ lójú sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, nígbà tó sì di oṣù Kẹsàn-án 2025, wọ́n fi àkọsílẹ̀ láti inú dẹkódà àti tẹlifíṣọ̀n ìgbàlódé kún ti àwọn ilé tí wọ́n yàn. Nọ́ńbà lè gòkè láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo dara pọ̀ mọ́ òǹwòran. Àwa tí a ń wò ó ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, a kò sí nínú nọ́ńbà náà rárá. Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń kà.

Yíyan ibi tí ẹ ó ti wò ó

Ẹ̀tọ́ láti fi NBA hàn máa ń yí ọwọ́ padà láti sáà dé sáà. Ẹ má ṣe sanwó nítorí ohun tí ẹ wò lọ́dún tó kọjá. Ẹ lọ sí ojú ewé NBA níbi tí wọ́n ti to ìkànnì orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ẹ wá orílẹ̀-èdè yín, lẹ́yìn náà ẹ ṣí ètò ọ̀sẹ̀ yẹn lórí ìkànnì náà kí ẹ rí orúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì pẹ̀lú ojú yín. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wo irú ìpele dẹkódà tí ìkànnì náà wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti san owó ìpele kékeré, tí ìkànnì eré ìdárayá sì wà lórí ti òkè.

League Pass ni ọ̀nà kejì. Ti NBA fúnra rẹ̀ ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ rí i dájú pé báńkì yín ti ṣí káàdì náírà yín fún ìsanwó ilẹ̀ òkèèrè, kí ẹ sì pa àtúnsan aládàáṣe lẹ́yìn tí ẹ bá rà á tán, torí ó máa fa owó fúnra rẹ̀ nígbà tí àsìkò bá pé. Àwọn ojú ewé olè tó ń fi eré hàn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ yàgò fún wọn. Ìpolówó tẹ́tẹ́ ni yóò bo ojú fóònù, nǹkan tó ń jí ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì sì ń gba ibẹ̀ wọlé.

Fún àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. League Pass tiwọn kì í fi eré ẹgbẹ́ ìlú wọn hàn lójú ẹsẹ̀, kì í sì í fi eré tó wà lórí ìkànnì gbogbogbòò hàn. Ẹni tó ń gbé Houston tó ra League Pass nítorí Rockets ti sọ owó nù. Ìkànnì àdúgbò tó ní Rockets ni kó wá. Ní ti ìkànnì gbogbogbòò, láti sáà 2025–26, ọjọ́ Ajé jẹ́ ti Peacock (ti NBC lórí íntánẹ́ẹ̀tì), Ìṣẹ́gun ti NBC, Ọjọ́rú ti ESPN, Ẹtì ti Prime Video (ti Amazon) ní pàtàkì. Ọjọ́bọ̀ ti Prime àti alẹ́ Àìkú ti NBC kì í bẹ̀rẹ̀ títí NFL, ìdíje bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbé ti Amẹ́ríkà, yóò fi fi ọjọ́ wọ̀nyẹn sílẹ̀. Ẹ̀rọ agbàmì (áńtẹ́nà) kékeré lójú fèrèsé tó láti gba ABC àti NBC láìsan owó oṣù. Ẹ jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n tún wá ìkànnì lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e sípò. Ní Gẹ̀ẹ́sì àti Brazil, Amazon wà lára àwọn tó ní ẹ̀tọ́ náà nínú àdéhùn tuntun yìí.

Díìṣì àti dẹkódà

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sán. Ní aago 1 òru, kò sí ẹni tí yóò gun òrùlé fún yín. Lórí DStv, nọ́ńbà àṣìṣe tó wà lójú ẹ̀rọ ló ń sọ ibi tí àrùn wà. E48-32 túmọ̀ sí pé dẹkódà kò rí àmì láti òkè. Tí òjò ńlá bá ń rọ̀, ẹ dúró; omi òjò ló ń dí àmì náà lọ́wọ́, yóò padà fúnra rẹ̀. Tí òjò kò bá sí, ẹ tú wáyà ẹ̀yìn dẹkódà, kí ẹ wo okùn bàbà àárín rẹ̀. Tó bá ti funfun tàbí tó ti ní àwọ̀ ewé, omi ti wọ̀ ọ́. Ẹ gé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 kúrò, ẹ tún orí rẹ̀ ṣe, ẹ dè é le. Tí kò bá yí padà, afẹ́fẹ́ ti sún díìṣì tàbí kí ojú díìṣì tó ń gba àmì ti kú, ẹni tó ní ẹ̀rọ ìwọ̀n ló lè tún un ṣe.

E16 kò kan díìṣì. Ọ̀rọ̀ owó ni, tàbí pé owó ti wọlé ṣùgbọ́n dẹkódà kò gbọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé èèyàn ń sanwó nígbà tí dẹkódà wà ní pípa. Ẹ tàn án, ẹ gbé e sórí ìkànnì tí ẹ fẹ́ wò, ẹ sanwó, kí ẹ fi í sílẹ̀ ní títàn fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú 30. Tí kò bá ṣí, ẹ lo áàpù ilé iṣẹ́ náà láti pa àṣìṣe náà rẹ́.

Tí dẹkódà yín bá lè ká eré sílẹ̀, ẹ má ṣe gba àkókò tó fún yín gbọ́. Fi wákàtí kan kún ìparí rẹ̀. Eré NBA jẹ́ ìṣẹ́jú 48 lórí aago pápá, ṣùgbọ́n ó máa ń gba nǹkan bíi wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí méjì ààbọ̀, àfikún àsìkò ìṣẹ́jú 5 sì lè wáyé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ibi tí ìkáhùn ń gé sábà máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú méjì tó gbẹ̀yìn, èyí tó dùn jù.

Dátà

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Iye Mbps, ìyẹn ìwọ̀n ìyára íntánẹ́ẹ̀tì, tí àwòrán ń fà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.45, ẹ ó rí iye GB tí yóò jẹ ní wákàtí kan. Àwòrán tó mọ́ kedere lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá ń fa nǹkan bíi 5 Mbps, ìyẹn 2.25 GB ní wákàtí kan, 5.6 GB fún eré wákàtí méjì ààbọ̀. Ní 3 Mbps, eré náà jẹ 3.4 GB. Lórí fóònù, 1 Mbps tó láti mọ ẹni tó mú bọ́ọ̀lù, 1.1 GB ni yóò sì jẹ.

Dátà òru tí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ń tà wúlò gan-an níbí, ṣùgbọ́n ẹ ka aago tí ó ń parí. Eré tó bẹ̀rẹ̀ ní 1:30 yóò parí ní nǹkan bíi aago 4:00. Eré Los Angeles tó bẹ̀rẹ̀ ní 4:30 ìdájí lè má rí dátà òru lò dé òpin; inú dátà gidi yín ni yóò ti jẹ ìyókù. Ẹ pa àwọn áàpù tó ń gba àtúnṣe lábẹ́lẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wọn ìyára íntánẹ́ẹ̀tì yín ní òru kan ṣáájú, ní aago kan náà tí eré yóò wáyé. Tí ẹ bá fẹ́ 5 Mbps, ẹ rí i pé ó wọn 8 ó kéré tán. Tí àwòrán bá ń dúró, ẹ dín bí àwòrán ṣe mọ́ kedere tó kù fúnra yín dípò kí ẹ fi í sórí aládàáṣe, tí yóò máa gòkè, tí yóò máa sọ̀ kalẹ̀. Fóònù tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún tẹlifíṣọ̀n kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí tó ń gba iná. Yóò gbóná, yóò sì dín ìyára ara rẹ̀ kù. Ẹ gbé e sójú fèrèsé.

Àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì ń rẹ̀yìn sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní pápá, ó lè tó ìdajì ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti díìṣì yára jù ú lọ. Ẹ pa ìfitónilétí áàpù àti ẹgbẹ́ WhatsApp, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀rẹ́ yín yóò kígbe kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ agbábọ́ọ̀lù lójú yín.

Iná

Tẹlifíṣọ̀n LED íńṣì 32 ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 50, dẹkódà 20, ẹ̀rọ Wi-Fi 10. Lápapọ̀ 80. Fún wákàtí 3, ìyẹn 240 wáàtì-wákàtí. Bátìrì olómi fóltì 12 tó jẹ́ 100Ah ní 1,200 wáàtì-wákàtí nínú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kó má bàa kú kíákíá, ínfátà náà yóò sì jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Nǹkan bíi 500 ló kù fún yín, ó tó eré méjì. UPS kékeré ti kọ̀ǹpútà, tí bátìrì inú rẹ̀ jẹ́ 12V 7Ah, 84 péré ló ní. Tí ẹ bá so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn, ó lè má gbé yín parí ìdá kejì. Ẹ̀rọ Wi-Fi nìkan ni kí ẹ so mọ́ ọn, kí ẹ wò ó lórí fóònù tó ti kún. Yóò gbé yín dé òpin.

Jẹnẹrétọ̀ lóru ń jí àdúgbò. Èyí tó burú jù ni pé àwọn èèyàn ń gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè. Afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀, tí kò ní òórùn, ń pa ìdílé lójú oorun. Ìta gbangba ni kó wà, jìnnà sí fèrèsé. Tí kò bá sí ibi bẹ́ẹ̀, ẹ fi eré náà sílẹ̀ di àárọ̀.

Kíka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ

Lórúkọ ẹgbẹ́, lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n ń kọ: HOU ni Houston, MIL ni Milwaukee tí Giannis Antetokounmpo gba ife 2021 pẹ̀lú wọn, orúkọ tó jẹ́ Adétòkunbọ̀ tí wọ́n fi ìkọ̀wé Gíríìkì kọ. Nọ́ńbà ńlá ni iye àmì tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti jù wọlé. Aago méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tó gùn ń ka ìṣẹ́jú 12 ìdá kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn, èyí tó kéré ń ka ìṣẹ́jú àáyá 24 tí ẹgbẹ́ fi gbọ́dọ̀ ju bọ́ọ̀lù. Tí bọ́ọ̀lù bá kan irin tí ẹgbẹ́ tó jù ú tún gbà á, 14 ni wọn yóò tún fún un.

Àwọn ìlà kéékèèké lábẹ́ orúkọ ni iye ìgbà tí kóòṣì ṣì lè dá eré dúró. Méje ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní. BONUS túmọ̀ sí pé láti orí fáòlù karùn-ún ẹgbẹ́ kejì ní ìdá yẹn, tàbí láti orí èkejì láàárín ìṣẹ́jú méjì tó gbẹ̀yìn ìdá, fáòlù kọ̀ọ̀kan di jíjù ọ̀fẹ́. Agbábọ́ọ̀lù tó bá ṣe fáòlù mẹ́fà jáde nìyẹn.

Ìgbà tí ẹ lè dìde ni kí ẹ mọ̀. Nínú ìdá kọ̀ọ̀kan, ìdúró méjì wà tí a kò lè yẹ̀ nítorí ìpolówó: nígbà àkọ́kọ́ tí eré bá dúró lẹ́yìn tí aago bá ti kéré sí ìṣẹ́jú 7, àti nígbà tó bá kéré sí 3. Nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àárín eré jẹ́ ìṣẹ́jú 15, omi tíì yóò hó níbẹ̀.

Bí ẹ bá pinnu láti sùn

Ẹ tan ètò tó ń bo àmì mọ́lẹ̀ nínú áàpù NBA kí ẹ tó sùn, nítorí pé nígbà tí ẹ bá jí, ojú ewé àkọ́kọ́ ni yóò sọ ẹni tó borí. Ẹ má ṣí Facebook, ẹ má ṣí X, ẹ tẹ eré náà tààrà. Àwọn àgékúrú lórí áàpù náà kò gba owó, ṣùgbọ́n àwòrán tí wọ́n fi ṣe ojú wọn máa ń fi ẹni tó ń yọ̀ hàn, nítorí náà odindi eré ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀.

Ẹ fi ọwọ́ bo ìlà ìsàlẹ̀ tó ń fi gígùn eré hàn. Eré tí gígùn rẹ̀ bá sún mọ́ wákàtí mẹ́ta ti sọ fún yín pé àfikún àsìkò wà. Nínú ìdíje àṣekágbá, níbi tí ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ti ń tẹ̀síwájú, ẹ má ṣe yọjú sí ètò ọjọ́ tó ń bọ̀ náà: tí ẹ bá rí ọjọ́ eré keje níbẹ̀, ẹ ti mọ ẹni tó gba eré kẹfà kí ẹ tó wò ó.